Ogún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọrọ: Bí Wọ́n Ṣe Wá Ikọ́ Fée Líle Dé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé

Ní ọdún 1698, oníṣègùn kan ní ìlú Lichfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sir John Floyer, tẹ odindi ìwé kan jáde lórí ikọ́ fée, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ásímà. Kì í ṣe àgbọ́sọ ló kọ síbẹ̀, nítorí àìsàn náà ti ń bá òun fúnra rẹ̀ fínra láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ó sọ nínú ìwé yẹn pé òun kò jogún tòun lọ́wọ́ àwọn baba ńlá òun, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò mú ìkankan nínú ọmọkùnrin òun méjèèjì. Ọpẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a wò. Ẹni tí kò gbà pé àìsàn lè ti ara baba bọ́ sára ọmọ kò ní dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohun tó ń jẹ́ jíìnì láyé ìgbà náà, síbẹ̀ ìdílé tó bá ti ní in a máa ṣọ́ èémí ọmọ tuntun.

Ikọ́ fée ti wà tipẹ́ kí Floyer tó dáyé. Àwọn Gíríìkì ìgbà Hippocrates ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, nígbà tí ọ̀rúndún kejìlá ń lọ sópin, Moses Maimonides kọ ìwé fún ọmọ ọba kan tí èémí kò jẹ́ kó sinmi. Oúnjẹ, oorun àti afẹ́fẹ́ ìlú ló tẹnu mọ́. Lẹ́yìn Floyer ni Henry Hyde Salter ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà alásímà, kọ tirẹ̀ ní 1860, ó sì ní kí wọ́n máa mu kọfí tó ki. Mo sáré kọjá lórí àwọn àgbà wọ̀nyí, torí ibi tí wọ́n ti fi ìdílé sínú ìṣirò gan-an ni mo ń lọ.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Nínú ikọ́ fée, awọ inú ọ̀nà èémí a wú, iṣan tó yí i ká a fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí àlàfo tó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń ṣe mílíọ̀nù 262 ènìyàn ní ọdún 2019, ó sì pa 455,000 lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ni oògùn fífà símú lásán tó fún. Ìwọ̀nba díẹ̀, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni tiwọn le: oògùn fífà símú tó pọ̀ gan-an, tí a tún fi oògùn mìíràn tì lẹ́yìn, ni wọ́n fi ń ró o, àwọn mìíràn a sì lò ó tán kí àìsàn má gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lóru lọ sí ọsibítù. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn? Ìbéèrè yìí ni ìtàn wa ń lé.

Ní 1916, ní New York, Robert Cooke àti Albert Vander Veer to ìtàn ìdílé àwọn aláìsàn 504 jọ, àwọn tí oúnjẹ, eruku tàbí irun ẹran ń bá jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní ìbátan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní ìlú Breslau, dókítà kan tó ń jẹ́ Carl Prausnitz ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà kí a ṣe lónìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Heinz Küstner, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹja. Prausnitz fa omi inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gún un sí awọ ikùn ara rẹ̀, ní ọjọ́ kejì ó gún omi ẹja sí ojú kan náà. Awọ náà wú. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ Küstner tó lè ṣí lọ sára ẹlòmíràn. Ó di 1966 kí tọkọtaya ará Japan kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Denver, Kimishige àti Teruko Ishizaka, tó dá ohun náà mọ̀: ohun tí à ń pè ní IgE. Àwọn ará Uppsala ní Swédìn bá a ní ọ̀nà tiwọn láàárín àkókò kan náà.

Láti ìgbà náà ni èrò kan ti jókòó sọ́kàn àwọn onímọ̀, ó sì jókòó pẹ́: ẹni tó bá rí jíìnì tó ń pa àṣẹ fún IgE ti rí ti ikọ́ fée.

Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ fi hàn bí ogún náà ṣe tó. Fún àwa tí à ń bí ìbejì ju ẹ̀yà púpọ̀ lágbàáyé lọ, ọ̀nà ìwádìí yìí kò ní ṣòro láti lóye. Àwọn ìbejì kan ti inú ẹyin kan wá, gbogbo jíìnì wọn ló dọ́gba. Àwọn mìíràn ti inú ẹyin méjì wá, wọn kò jọra ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ. Ní 1971, Edfors-Lubs gbé àbájáde jáde lórí bí ẹgbẹ̀rún méje ìbejì ní Swédìn, orílẹ̀-èdè tó ń kọ orúkọ gbogbo ìbejì rẹ̀ sínú ìwé. Tí ikọ́ fée bá mú ọ̀kan nínú ìbejì ẹyin kan, ó ń mú èkejì náà nínú mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti ìbejì ẹyin méjì, kò ju bíi márùn-ún lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kò sí iyèméjì. Àmọ́ ẹ yí òǹkà náà padà kí ẹ wò ó: nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni èkejì kò ní in rárá bí jíìnì wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé fún ọgbọ̀n ọdún tó tẹ̀ lé e.

Erékùṣù kan wà láàárín agbami Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, Tristan da Cunha ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ òfurufú kì í balẹ̀ níbẹ̀; ojú omi ni wọ́n ń gbà láti Cape Town. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dó síbẹ̀ ní 1816. Nígbà tí wọ́n kó kúrò, Kọ́pọ́rà William Glass, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn ní àwọn kò lọ mọ́. Àwọn atukọ̀ tí ọkọ̀ wọn rì dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn obìnrin kan sì wá láti St Helena. Ìran àwọn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ló di nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́sàn-án, orúkọ ìdílé méje péré ni gbogbo wọn sì ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ ọmọ ìbátan, ìbátan ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, torí kò síbòmíràn tí wọ́n fẹ́ lọ gbéyàwó.

Ní 1961 òkè oníná bú lórí erékùṣù náà, wọ́n sì kó gbogbo ìlú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti rí i pé ikọ́ fée tó wà láàárín wọn kò ṣeé fojú fò. Ìlú òyìnbó kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní 1963 púpọ̀ wọn padà sílé. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1993, Noe Zamel láti Yunifásítì Toronto wọ ọkọ̀ tọ̀ wọ́n lọ. Ó ṣàyẹ̀wò èémí wọn, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì bá ìtàn ìdílé wọn lọ sẹ́yìn. Ó lé ní ìdajì wọn tí àmì ikọ́ fée wà lára wọn dé ìwọ̀n kan. Ilé iṣẹ́ Sequana ní California ló bá a wá jíìnì náà, wọ́n sì kéde ní 1997 pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lórí krómósómù 11. Ìwé ìròyìn gbé e, owó ńlá yí lórí rẹ̀. Oògùn kankan kò tibẹ̀ jáde.

Kì í ṣe Tristan nìkan. Ní 1989 ni William Cookson, Julian Hopkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ti tọ́ka sí apá ibòmíràn lórí krómósómù 11 yẹn kan náà pé ibẹ̀ ni agbára IgE wà. Àwọn kan tún un ṣe, wọ́n rí i. Àwọn mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí nǹkan. Krómósómù 5 gba ìgbà tirẹ̀ ní 1994, láàárín àwọn Amish ní Amẹ́ríkà. Ní 2002, wọ́n fi ìdílé 460 láti Britain àti Amẹ́ríkà wá ADAM33 rí lórí krómósómù 20, ariwo tún sọ. Lójú tèmi, ohun tó ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n ń wá nǹkan tó jọ àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Jíìnì kan ṣoṣo ló ń fa ìyẹn. Bàbá AS, ìyá AS, gbogbo ènìyàn mọ ohun tó lè bí. Ikọ́ fée kì í ṣe irú rẹ̀. Jíìnì rẹ̀ pọ̀, ipá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kéré, ìdílé 460 kò tó láti gbọ́ ohùn wọn. ADAM33 ṣì ní ìwúlò kan: inú iṣan àti ẹran ara ọ̀nà èémí ló ti ń ṣiṣẹ́, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú IgE. Ìtọ́ka ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kà á sí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà gba ìlú Ìbàdàn kọjá. Ní 2002 ni iṣẹ́ àgbáyé kan tó ń jẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀, láti ya àwòrán ibi tí DNA ènìyàn ti ń yàtọ̀ síra. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: àwọn aláwọ̀ funfun Utah, àwọn Han ní Beijing, àwọn ará Tokyo, àti Yorùbá Ìbàdàn. Àwọn tiwa jẹ́ 90: ọgbọ̀n bàbá, ọgbọ̀n ìyá, ọgbọ̀n ọmọ. Dókítà Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwòrán náà jáde ní 2005. Láti ìgbà náà, onímọ̀ kò nílò láti máa tẹ̀ lé ìdílé káàkiri mọ́. Ó lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn àti aláìlárùn jọ, kó yẹ ọ̀kẹ́ àìmọye ibi wò nínú DNA wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún méjì péré ni èso rẹ̀ fi jáde. Ní 2007, Miriam Moffatt, Cookson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ọmọdé 994 tó ní ikọ́ fée wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,243 tí kò ní in, ibi kan lórí krómósómù 17 sì yọ jáde, ibi tí jíìnì ORMDL3 wà. Èyí kò pòórá nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe. Ní 2008, ìwádìí mìíràn fi kún un pé àwọn tí ikọ́ fée mú láti kékeré ni ibi yìí ń bá jà jù, àti pé èéfín sìgá inú ilé ń mú ewu rẹ̀ le sí i. Ogún àjogúnbá àti èéfín tí bàbá ń fẹ́ sáfẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́ papọ̀ lójú kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ GABRIEL gbé tirẹ̀ dé ní 2010: aláìsàn 10,365, aláìlárùn 16,110. Àwọn ibi tó yọ jáde ni IL33, IL1RL1, HLA-DQ, SMAD3 àti krómósómù 17 yẹn. Bí wọ́n ti wo àwọn jíìnì tó ń pa àṣẹ fún IgE, wọ́n rí i pé púpọ̀ wọn kì í ṣe àwọn tó ń fa ikọ́ fée. Èrò tó ti jókòó láti 1966 dìde lọ. Mo ka èyí sí ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, ó ju gbogbo ariwo Tristan lọ. Ìyípadà IgE sábà máa ń jẹ́ ohun tó tẹ̀ lé ikọ́ fée lẹ́yìn. Orísun rẹ̀ wà lójú awọ ọ̀nà èémí. Awọ yẹn ni oníbodè. Tí kòkòrò, eruku tàbí èéfín bá dé, òun ló ń figbe ta, IL-33 sì wà lára igbe náà, TSLP pẹ̀lú. Ní ara àwọn kan, oníbodè yìí ń kígbe jù, kì í sì í tètè dákẹ́.

Títí dé ìgbà yẹn, gbogbo alásímà ni wọ́n ń kó pọ̀, ẹni tó ń mí fée lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àti ẹni tí ọsibítù ti di ilé rẹ̀. Àwọn ará Copenhagen yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2014, Klaus Bønnelykke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà nìkan, àwọn tí ikọ́ fée ti sọ di èrò ọsibítù léraléra, 1,173 wọn. Jíìnì kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ yọ lójijì: CDHR3. Lọ́dún kejì, àwọn onímọ̀ ní Wisconsin fi hàn pé ohun tí jíìnì yìí ń ṣe lójú awọ ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò òtútù kan, rhinovirus C, ń gbà wọlé. Òtútù lásán tí à ń fi àgbo àti ọbẹ̀ ata lé lọ lè gbé ọmọ mìíràn dé ẹnu ikú, torí pé ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 2019, àwọn ẹgbẹ́ Leicester àti Nottingham wá gbé ìwádìí tó tóbi jáde lórí ikọ́ fée líle àti èyí tó súnmọ́ ọn: aláìsàn tó lé ní 5,000 ní ìpele kìíní, 5,000 mìíràn ó lé ní ìpele kejì. Ibi mẹ́rìnlélógún ni wọ́n rí. Mẹ́ta péré ló jẹ́ tuntun. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni MUC5AC, jíìnì tó ń ṣe èròjà kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ikọ́ fée pa, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí i pa, kò ní yà á lẹ́nu. Àmọ́ ohun tó wú mi lórí jù ni òǹkà yẹn, mọ́kànlélógún nínú mẹ́rìnlélógún. Ikọ́ fée líle kò ní ìyá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ogún tó ń fa èyí tó rọrùn náà ni, díẹ̀ ni a fi kún un. Ìyókù ohun tó ń sọ ọ́ di líle, ẹ jẹ́ ká wá a síbòmíràn.

Ìwúlò iṣẹ́ yìí ti ń jáde lára oògùn. Ní Iceland, wọ́n rí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí IL33 wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti inú ìyá wọn. Ewu ikọ́ fée tiwọn kò ju bí ìdajì ti ẹlòmíràn lọ. Ìyẹn fi hàn pé tí a bá pa igbe oníbodè lẹ́nu, àìsàn á rọlẹ̀. Ní ìparí 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tezepelumab, abẹ́rẹ́ tó ń dí TSLP lọ́nà, fún ikọ́ fée líle. Omalizumab tó ń lé IgE ti wà láti 2003, mepolizumab tó ń lé IL-5 láti 2015. Kì í ṣe ìwádìí jíìnì ló bí àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ òun ló jẹ́ ká mọ ibi tó kù láti gbá mú.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn wà nínú àwòrán tí gbogbo wọn lò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ka aláìsàn, àwa kò sí níbẹ̀. Ní 2016, àwọn tó yẹ irú ìwádìí yìí wò lápapọ̀ rí i pé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kópa ló jẹ́ ìran Yúróòpù. Kathleen Barnes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe pẹ̀lú CAAPA, ẹgbẹ́ tó ń wá jíìnì ikọ́ fée láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, Karíbíánì àti Brazil. Ní 2019 wọ́n gbé aláìsàn 7,009 àti aláìlárùn 7,645 kalẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí sì jẹ́ ibi tí a ti mọ̀ lára òyìnbó. Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Lọ́dún yẹn kan náà, DNA àwọn 910 nínú àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyí fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 300 lẹ́tà wà lára wọn tí kò sí nínú ìwé DNA tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. DNA wa tún ní èrè mìíràn: ó ti pẹ́ láyé ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ó ti gé sí wẹ́wẹ́, ó sì rọrùn láti fi ya jíìnì tó wà nítòsí ara wọn sọ́tọ̀. Ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi rí i pé ó dà bí ẹni pé ẹ̀bi krómósómù 17 wà lọ́rùn GSDMB, aládùúgbò ORMDL3, ju ORMDL3 fúnra rẹ̀ lọ.

Ewu kan wà níhìn-ín. Ìwádìí oògùn salmeterol ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, kó ènìyàn tó lé ní 26,000. Ikọ́ fée pa 13 nínú àwọn tó lo oògùn náà, ó pa 3 lára àwọn tí kò lò ó, ẹ̀rù náà sì pọ̀ jù láàárín aláwọ̀ dúdú. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀jẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú inú ìwádìí náà tó ń lo oògùn fífà símú tó ń dín wíwú kù kò tó aláwọ̀ funfun. Kí a tó di ẹ̀bi ru ìran ènìyàn, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n rí oògùn rà.

Salvador ní Bahia, ní Brazil, níbi tí ìran Nàgó ti tan mọ́ wa, dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa. Láti 2003, ètò ProAR tí Álvaro Cruz wà nídìí rẹ̀ ń fún àwọn tí ikọ́ fée tiwọn le ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn. Iye àwọn tí ikọ́ fée ń gbé dé ọsibítù ní ìlú náà já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún díẹ̀. Jíìnì wọn kò yí padà. Ní 2016 bákan náà, wọ́n fi ọmọ Amish wé ọmọ Hutterite ní Amẹ́ríkà, ìran méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn súnmọ́ra gan-an: ikọ́ fée mú ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn Amish tí ọmọ wọn ń ṣeré lẹ́bàá ẹran ọ̀sìn, ó mú ìdá 21.3 lára àwọn Hutterite tó ń fi ẹ̀rọ dáko tí ọ̀sìn wọn sì jìnnà sílé.

Nílé wa, ìwádìí kan tó kárí Nàìjíríà ní 2019, tó bá ènìyàn tó lé ní 20,000 sọ̀rọ̀, rí i pé ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ikọ́ fée, àmọ́ ìdá 2.5 péré ni dókítà ti sọ fún pé òun ló ń ṣe wọ́n. Kò sí àyẹ̀wò jíìnì kan tí dókítà lè fi sọ lónìí pé ti ọmọ yìí ni yóò le. Ìtàn ìdílé ló wà lọ́wọ́, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ tó ń mí fée dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́: ẹni tó ní in nílé bàbá, ẹni tó ní in nílé ìyá, ọjọ́ orí tó ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ẹni tó gbé dé ọsibítù àti ẹni tó pa. Ẹ má fa sìgá nínú ilé tí ọmọ náà ń sùn, ẹ má sì fi oògùn fífà símú tí dókítà ní kó máa lò lójoojúmọ́ sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá.